Mọ́tò Tíṣà Ìfọ́n

Ariwo ẹ́ńjìnì náà ni Hàfúsátù kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí mọ́tò. Ó gbé orí sókè nínú iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì rí mọ́tò aláwọ̀ eérú kan tó rọra ń yí bọ̀ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀ létí títì Ìlọ́bù. Awakọ̀ ti yọ ọ́ kúrò ní jíà, mọ́tò sì ti dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ń ké bí ìgbà tí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó wọ jalamíà funfun ló wà nídìí ọkọ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wo ilẹ̀ mọ́tò bí ẹni tí ejò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Hàfúsátù sáré dé ẹnu fèrèsé, ó na ọwọ́ kọjá láyà ọkùnrin náà, ó yí kọ́kọ́rọ́ pa ẹ́ńjìnì. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ó dáa bí ẹ ṣe yọ ọ́ kúrò ní jíà." Ó wá rí i pé ọwọ́ òun ti fi òróró dúdú sí jalamíà náà. "Áà, ẹ má bínú. Mo ti ba aṣọ yín jẹ́."

"Aṣọ ṣe é fọ̀," ni ọkùnrin náà wí. Ó rọra sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

Sofiyullah ni orúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ẹ́ńjìnì mọ́tò rẹ̀ ló ti nọ́ọ̀kì, mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo sì ti bá a pààrọ̀ rẹ̀ sí tòkunbọ̀ mìíràn. Mọ́ríátù ìyá rẹ̀ ló wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó gbé e lọ sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò ojú, wọ́n ń padà bọ̀ wálé ni.

Hàfúsátù kúnlẹ̀ kí ìyá náà, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó sábẹ́ igi.

"Ibi tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, ọmọ mi," ni Mọ́ríátù wí.

Láti ìgbà ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, tí ṣọ́ọ̀bù Mọ́ríátù fi jóná, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọ́bù. Ó máa ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Hàfúsátù ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn lè wọlé, ó sì fún wọn ní omi tútù.

Tọ́rótù ni ó kọ́kọ́ tú wò, ìyẹn ẹnu tí ẹ́ńjìnì fi ń mí, níbi tí irin pẹlẹbẹ kan ti ń ṣí tó sì ń padé. Ìdọ̀tí dúdú ti dì mọ́ ọn lára. Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó sì dá a padà. Ẹ́ńjìnì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Tìyá tọmọ kọrí sílé.

Lọ́jọ́ kẹrin, Sofiyullah tún dé.

"Ọ̀gá, ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ojú ti Hàfúsátù. "Ẹ̀bi mi ni. Mo rí ìdọ̀tí, mo sì rò pé òun náà ni. Mi ò wá a dé ìdí."

Ó tú wáyà tó wá láti pẹ́dà ẹsẹ̀ awakọ̀ kúrò lára tọ́rótù, ó fi ìka ṣí irin náà, irin náà sì padé fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé tọ́rótù kò láìsàn. Ó so wáyà padà, ó tún dára. Ó ní bóyá ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó máa ké, kí àwọn gbé mọ́tò náà jáde.

Ọ̀nà Ìfọ́n ni wọ́n gbà. Nígbà tí ilé tán, Hàfúsátù ń wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ ti wá síhìn-ín rí?" ni Sofiyullah bi í.

"Kí ìjà tó dé. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nítòsí ààlà. Ó jóná."

"Ti màmá mi náà jóná."

Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè ẹni tó sun ún.

Níbi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, mọ́tò náà ké. Sofiyullah yọ ọ́ kúrò ní jíà, ó gúnlẹ̀. Hàfúsátù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ó tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ó fi sí jíà, kí ó sì fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tọ́rótù díẹ̀. Ó rí i wàyí. Ìjókòó tí ẹ́ńjìnì gbé ara lé ti gbó. Tí ẹ́ńjìnì bá ti fẹ́ fa ọkọ̀, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì fa wáyà náà, tó ti ká bí ìgúnpá, wáyà kò sì ní jọ̀wọ́ irin tọ́rótù mọ́.

"Ẹ́ńjìnì yìí kọ́ ló ni irin tó di wáyà mú," ni ó wí. "Ti ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni wọ́n dè mọ́ ọn. Ó kúrú jù."

Ó wá irin tó bá a mu, ó pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnì. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ parí. Títí di Ọjọ́ Àìkú, Sofiyullah ṣì ń wá wò ó.

"Tíṣà, mọ́tò yín ti yá láti Ọjọ́bọ̀. Kí lẹ tún ń wò?"

"Mi ò tíì wò ó tán."

"Kí lẹ ò tíì wò?"

"Ẹni tó tún un ṣe." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Hàfúsátù, mo fẹ́ kí a jọ máa sọ̀rọ̀, tí o bá fẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Hàfúsátù nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dáhùn pé òun fẹ́.

Oṣù méje ni wọ́n fi jọ sọ̀rọ̀ kí Sofiyullah tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Jàlálù, bàbá Hàfúsátù. Jàlálù gbọ́ ọ parí.

"Mi ò bá ọ jà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi síbi tí mi ò ní lè lọ wò ó."

Ní Ìfọ́n, ìyá Sofiyullah náà kò fẹ́ ẹ. "Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, ta ni yóò dáàbò bò ó níbí?"

Hàfúsátù ní kí àwọn sinmi ná. Odindi oṣù méjì, wọn ò fojú kan ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n tí mọ́tò aláwọ̀ eérú bá kọjá, á gbé orí sókè. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe Sofiyullah lórí fóònù.

"Ṣé ẹ lè bá mi gbé ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun? Bàbá mi lè dé ibẹ̀. Màmá yín náà lè dé ibẹ̀."

"Ó jìnnà sí iléèwé mi, Hàfú."

"Kò sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi náà."

"Màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé lónìí."

Nígbà tí Sofiyullah padà lọ bá Jàlálù, ìyá rẹ̀, tó ti gbọ́ nípa Ẹ̀rìn, bá a lọ. Mọ́ríátù di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìlọ́bù. Jàlálù dìde, ó gbé àga tirẹ̀ fún un. Wọ́n kí ara wọn pẹ́. Sofiyullah sọ nípa ilé Ẹ̀rìn. Jàlálù mi orí.

"Tí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Hàfúsátù kúnlẹ̀.

"Bàbá, màá kó ẹ̀yin àti Màmá sínú mọ́tò kan náà, màá sì gbé yín lọ sí Òṣogbo."

Jàlálù wo Mọ́ríátù. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí?"

"Mo gbọ́," ni Mọ́ríátù dáhùn. "Ẹ̀yin ẹ jókòó níwájú. Ẹ̀yìn ni n ó wà."

Jàlálù kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Mọ́sáláásí kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti so yìgì wọn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn òbí méjèèjì wá wo ilé. Hàfúsátù àti ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń gbọ́ wọn ní pálọ̀. Mọ́ríátù ń sọ nípa àga kan tó rà kí ìjà tó dé, tí káfíńtà kan nítòsí ààlà gbẹ́ òdòdó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Jàlálù bi í bóyá òdòdó náà ní ewé márùn-ún.

Sofiyullah fẹ́ gbé oúnjẹ wọlé. Hàfúsátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró ná," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán."