Ọwọ́ Tó Kọ Ìwé Ara Ilẹ̀kùn

Tolúwalọpẹ́ dúró síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin, ó ń wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Òun ló kọ ọ́. Ìrù "g" rẹ̀ ká kò bí ìrù ajá, kò sì sẹ́ni tó ń kọ irú rẹ̀ ní gbogbo kíláàsì wọn. Ẹwà rẹ̀ gbà á lọ́kàn débi pé kò ro ohun tí ìwé náà ń sọ:

"Ẹni tí a bí ní obìnrin nìkan ni kó wọlé. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ki, tàbí tó bá hu irùngbọ̀n, kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Olóyè Àjíṣafẹ́, alága àwọn onísọ́ọ̀bù ilé ìtajà wọn n'Ìkòtún, ló ń pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún un bó ṣe ń kọ ọ́. Oyè ọkùnrin yìí pọ̀ débi pé kì í jókòó nípàdé títí wọn yóò fi kà wọ́n tán. Ó ṣèlérí káàdì onírìbọ́nù fún Tolú, tí àwòrán rẹ̀ àti "Igbákejì Akọ̀wé" yóò wà lára rẹ̀, bó bá lè kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń kó ara wọn jọ ní sọ́ọ̀bù Ọláwùmí. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rìbọ́nù náà ni Tolú gbọ́, kò gbọ́ ọlọ́pàá.

Ọláwùmí onídìrí yìí ló sì ń kọ́ ọ níṣẹ́ irun lẹ́yìn ilé ìwé. Tolú ló kọ orúkọ àwọn irun sára ògiri sọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ọmọkùnrin ni wọ́n ṣe bí Ọláwùmí, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ̀ pé obìnrin lòun. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, àwọn mẹ́ta tí wọ́n rí bíi tirẹ̀ máa ń wá bá a: Zulaihat tó ń ránṣọ nínú ilé ìtajà kan náà, àti àwọn méjì láti Baruwa. Wọn a jẹun, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a bẹ aláìsàn wọn wò. Ẹgbẹ́ wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìwé ara ilẹ̀kùn náà, kò sẹ́ni tó jẹun. Wọ́n tilẹ̀kùn. Zulaihat ní láti ìgbà tí ìwé náà ti dé, òun kì í mu omi láti àárọ̀ di alẹ́, bí ẹni pé ààwẹ̀ ti yá dé, bí òun bá sì ń tọ̀, ó ti ń ro òun. Ọ̀kan nínú àwọn ará Baruwa ní kí wọ́n tú ká kí ọlọ́pàá má bàa kó wọn; lọ́dún 2014 yẹn, òfin tuntun tó de ìgbéyàwó àti ẹgbẹ́ akọ-sí-akọ tàbí abo-sí-abo ti mú kí ẹ̀rù máa ba irú wọn láti péjọ. Ọláwùmí kọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onísọ́ọ̀bù, kí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kẹta, èyí tí alága tì pa fún ara rẹ̀ nìkan, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

Ó wá kọjú sí Tolú. "Ìwọ lọ́wọ́ rẹ dáa jù nínú wa. Bá wa kọ ọ́."

Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí bébà kan nínú àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Bó bá kọ lẹ́tà, alága yóò dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Iwájú ilé ìtajà náà sì ni ìyá rẹ̀ ti ń ta bàtà, alága ló fún un láyè ibẹ̀.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà. Zulaihat fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó ga jù nínú wọn ká kò sẹ́yìn àga.

Ohùn alága ló dún níta: "Tolúwalọpẹ́, orúkọ tí mo ní kó o kọ dà?"

Ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí padà sí i. Ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n máa ń ri ṣóńṣó irun bọ̀ ń hó lórí sítóòfù. Tolú yọ bébà náà, ó jù ú sínú rẹ̀. Yíǹkì ràn ká, orúkọ mẹ́rin di omi búlúù. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"N ò kọ orúkọ kankan, sà," ló sọ.

Alága wo orí rẹ̀ kọjá, ó wo àwọn tó wà nínú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó dáa. Èmi á rí ẹlòmíì tó mọ̀wé kọ." Ó rọra lọ. Ìrọra yẹn ló bà wọ́n lẹ́rù jù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti lé bàtà ìyá Tolú sẹ́yìn, sẹ́bàá gọ́tà. Ọláwùmí kẹ́rù lọ sí Baruwa kí ọlọ́pàá tó dé. Tolú kọ lẹ́tà náà ṣá, pẹ̀lú ìrù "g" rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Lọ́jọ́ kan, Mọ̀dínátù, ẹ̀gbọ́n alága, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Irùngbọ̀n mẹ́ta wà lágbọ̀n màmá, ohùn wọn sì ki. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ka ìwé ara ilẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n dúró de àyẹ̀wò. Kí alága tó sáré dé, ìró màmá ti tutù. Lọ́jọ́ kejì, ìwé náà pòórá, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé.

Tolú wá Ọláwùmí lọ sí Baruwa láti jẹ́wọ́. Ó bá a níbi tó ti ń ya irun oníbàárà. Ọláwùmí ò gbójú sókè.

"Mo ti mọ̀. Ọwọ́ tó kọ̀wé sára ògiri mi, ṣé n ò ní í dá a mọ̀ lára ilẹ̀kùn ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ní kí n kọ lẹ́tà, àǹtí?"

"Mo fẹ́ mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ náà lè kọ."

Ọ̀kadà kan dúró níta. Ọláwùmí yọjú wò ó lójú fèrèsé títí ó fi ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ló na kóòmù sí Tolú pé kó bá òun ya apá kejì.

Ọ̀nà tí Tolú gbà mọ̀ ọ́n nìyẹn: ìwé tó dùn-ún wò lè gba àlàáfíà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kí ọmọ tó mọ̀wé kọ tó gbé bírò, kó kọ́kọ́ bèèrè ara ta ni ọ̀rọ̀ náà máa bà.