Ọjọ́ Tí Omi Oko Bá Dùn

Sirra bẹ̀rẹ̀ sínú oko ìrẹsì, ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ fi ahọ́n kàn án. Báyìí ni Ansumana, atukọ̀ tuntun tó ń gbé èèyàn kọjá Odò Gambia, ṣe kọ́kọ́ rí i, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọmọge náà mọ́.

"Arẹwà, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ tó yẹn ni? Mo ní omi nínú kèǹgbè o."

"Wo iwájú ẹ, atukọ̀! Igi lo fẹ́ wà gùn!"

Lóòótọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ti há sáàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, igi etí omi. Sirra rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi domi. Inú ẹ̀rín yẹn ló wà tí ìyá rẹ̀ fi ké láti òkè oko pé, "Omi ńkọ́?"

"Ó ti dùn, Ìyá."

Kò tọ́ ọ wò dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ahọ́n obìnrin la fi ń mọ̀ bóyá òjò ti fọ iyọ̀ tí omi òkun ń gba odò gbé wá kúrò lóko, ká tó ṣí irúgbìn lọ síbẹ̀. Ìyá Sirra, opó tí kò ní ju oko kan náà lọ, gbin gbogbo irúgbìn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, iyọ̀ ti jó gbogbo rẹ̀.

Ìyá kò lu ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ atukọ̀ létí mọ́.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, Ansumana ń wá mọ odi amọ̀ yí oko náà ká kí òkun má baà wọlé mọ́. Ìyá a kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Sirra a gbé ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ẹ̀pà wá fún un.

"Tí mo bá mọ ọ́n tán, ìyá ẹ á kí mi."

"Ìyá mi kẹ̀? Odi ló máa kọ́kọ́ kí ẹ ná."

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àbúrò bàbá Ansumana gbé obì wá tọrọ Sirra. Ìyá fi ewé pọ́n ọn, kò là á.

"Ẹ má bínú. Ọjọ́ tí omi oko mi bá dùn ni n óò la obì yìí."

Òjò ọdún náà kò tó nǹkan. Lóṣù kẹjọ, ìránṣẹ́ dé láti ìlú Ansumana lókè odò: bàbá rẹ̀ ti kú, oko bàbá náà ń dúró dè é, ọ̀la ni Ansumana gbọ́dọ̀ lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sirra tọ́ omi wò. Iyọ̀ ta á lẹ́nu. Ó jókòó sórí odi, ó ń sunkún.

"Máa lọ, olówó orí mi. Mi ò lè pa irú irọ́ yẹn fún Ìyá lẹ́ẹ̀kejì."

"Mi ò ní kí o parọ́," ni Ansumana wí. Omijé ń bọ́ lójú òun náà.

Wọn kò mọ̀ pé Ìyá ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó sọ̀kalẹ̀, ó bu omi, kò fi ahọ́n kàn án lásán, ó mu ún. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó dùn," ló wí.

"Ìyá, omi yìí—"

"Ṣé ahọ́n tìẹ la tún fẹ́ gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lóko yìí?" Ó tú obì náà ní etí aṣọ rẹ̀, ó là á, ó fi awẹ́ kan sí Ansumana lọ́wọ́. "Mú ìyàwó ẹ lọ. Omi yín lókè lọ́hùn-ún kò mọ iyọ̀. Má jẹ̀ẹ́ kó sunkún o, ọmọ mi."

Sirra dì mọ́ ìyá rẹ̀ títí Ansumana fi rọra fà á kúrò.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá ti kó irúgbìn sọ̀kalẹ̀, ó ń gbìn ín níkọ̀ọ̀kan sínú omi iyọ̀ náà, kò sì dáwọ́ dúró títí ọkọ̀ fi yà wọ ẹ̀yìn ẹ̀gbà.