Ojú Ìwé Ọpẹ́ tí Owú Fà Yọ

Òjò ti lu Fareedah láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tí ó wọ ilé ìtẹ̀wé Ọdẹ́túnjí ní Bajulaiye, ṣùgbọ́n ìdì ìwé tí ó fi ìborùn wé mọ́ àyà kò tutù rárá. Omi ń kán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọdẹ́túnjí gbàgbé ọ̀bẹ tí ó fi ń gé páálí sọ́wọ́. Ọdún kejì tí àwọn ológun padà sí bárékè ni. Ìwé ìpolongo olóṣèlú tí ó ṣẹ́kù láti ìgbà ìdìbò ṣì kún ilé náà dé àjà.

"Ẹ bá mi tẹ ìwé ìwádìí mi yìí, kí ẹ sì dì í ní ẹ̀dà márùn-ún," ni ó wí. "Àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì yóò bi mí léèrè lórí rẹ̀ ní oṣù tí ń bọ̀."

Ọdẹ́túnjí ka àkọlé. "Kí ni hísítóònù?"

"Purotéènì ni. Okùn àjogúnbá tí ó wà nínú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lára yín, bí a bá fà á nà, ó gùn jù yín lọ."

"Èmi tí mo ga tó báyìí?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ̀yin òpó iná." Ó rẹ́rìn-ín. "Hísítóònù ni okùn náà ń yí ká, bí fọ́nrán òwú ti í yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ká. Orí okùn yẹn kan náà sì ni jíìnì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ara ti ń ka bí yóò ti ṣe é."

"A jẹ́ pé okùn ni ó ń bí ohun tí yóò ká a."

Fareedah wò ó pẹ́. "Olùkọ́ mi kò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí."

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, "ẹ" ti di "o" láàrin wọn, ó sì ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Òpó. Ṣùgbọ́n Adéjìmí, ẹlẹgbẹ́ Fareedah ní yàrá ìwádìí, ń bá a wá. Òun a ka ìwé sókè, Fareedah a máa ṣàtúnṣe, àwọn méjèèjì a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́túnjí ń ka iye ẹ̀rín náà. Owú jẹ ẹ́ dé egungun. Lọ́jọ́ kan, ó rí ojú ìwé ọpẹ́: "Sí Adéjìmí, ẹni tí ó dúró tì mí ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí le." Ó fà á yọ nínú ẹ̀dà márààrún, ó rán wọn, ó dì wọ́n.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ kan kí àwọn olùkọ́ bi í léèrè, Fareedah wá gbà wọ́n. Ó ṣí ọ̀kan.

"Ojú ìwé ọpẹ́ dà?"

Irọ́ ti dé ètè Ọdẹ́túnjí. Ó gbé e mì. "Mo yọ ọ́. Owú ni."

Ojú Fareedah le. "Adéjìmí fẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìhín ni mo sọ fún un pé rárá. Síbẹ̀, kò yé bá mi kàwé. Ọpẹ́ nìkan ni mo rí fún un, òun náà ni o gbà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó jáde, kò mú ìwé kankan.

Bí a bá fi gúlùù lẹ ojú ìwé mọ́ ìwé tí a ti rán, yóò já bọ́ níwájú olùkọ́. Nítorí náà Ọdẹ́túnjí tú gbogbo okùn, ó dá ojú ìwé ọpẹ́ padà sí ààyè rẹ̀, ó sì tún wọn rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kó wọn lọ sí yàrá ìwádìí, ó sì ṣí ojú ìwé náà fún Adéjìmí.

"Èmi ni mo yọ orúkọ yín. Ẹ foríjì mí."

Adéjìmí kà á. "Ẹ̀rín tí Fareedah ń rín lọ́dọ̀ yín, kò rín irú rẹ̀ fún mi rí," ni ó wí. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni owú ń jẹ."

Ó gba àwọn ìwé náà, ó sì lọ fi wọ́n lé Fareedah lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Fareedah wọ ilé ìtẹ̀wé. "Wọ́n gbà á."

"Mo bá ọ yọ̀."

"Ṣé owú náà ti tán?"

"N kò ní purọ́ fún ọ, kò tán. Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ó lo ọwọ́ mi mọ́."

Fareedah mí kanlẹ̀. "Wá rí bàbá mi nílé wa ní Pedro lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún un pé ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ọ́, àti pé òjòwú ni ọ́."

"Èwo ni ó bí i nínú?"

"Ó ní òun yóò ro ti àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, ó ní òun náà ń jowú ẹni tí yóò mú mi lọ."

Ó na ọwọ́. Ọdẹ́túnjí nu gúlùù kúrò ní tirẹ̀, ó sì dì í mú.