Ọ̀rọ̀ Tí Agéfóòmù Gbé Mì

Tíì ti tutù. Búrẹ́dì tí ìyàwó rẹ̀ gé sínú àwo ṣì wà bó ṣe gé e. Ọkùnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń ka ìròyìn lórí fóònù: ogun níbí, omíyalé lọ́hùn-ún, ilé iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tún tì pa. Bó bá ka ọ̀kan tán, á ṣí òmíràn.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹun," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mò ń bọ̀."

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí "mò ń bọ̀" náà kò tíì dé.

Iṣẹ́ fóòmù gígé ni ọkùnrin yìí ń ṣe nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ibùsùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ráyè jáde, àfi ẹnì kan, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà. Wọ́n sin òkú, wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni agéfóòmù kò ti sùn, tí kò jẹun dáadáa, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tó kọjá gbólóhùn kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí tíì tutù yìí, onígbàjámọ̀ àdúgbò yà sọ́dọ̀ wọn. Ó fa oògùn oorun funfun nínú ọ̀rá lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Lo ọ̀kan, wàá sùn bí òkúta. Bí ọ̀kan ò bá ṣiṣẹ́, fi ọ̀kan kún un."

Onígbàjámọ̀ náà kò ní i lọ́kàn láti ṣe é níbi. Àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ọ̀kan ti di mẹ́ta. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ pè é, kò dáhùn. Ó mì í, kò mira. Omi tútù ló dà sí i lójú kó tó la ẹnu, ohun tó sì sọ kò yé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó kó oògùn tó ṣẹ́ kù, ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì yí ọ̀rá náà síwá sẹ́yìn. "Ta ló fún yín?"

"Onígbàjámọ̀ ni," ìyàwó dáhùn.

"Ṣé orí lẹ fẹ́ fá ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń gbé oorun yín lọ?"

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Nọ́ọ̀sì fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó.

"Èmi ló yẹ kí n wà nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ tí iná pa ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́," ni ọkùnrin náà wí nígbẹ̀yìn. "Mo fẹ́ lọ sípàdé òbí níléèwé ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ ká pààrọ̀ àsìkò iṣẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ bo ẹnu. "Ọ̀rọ̀ yìí lẹ dá gbé láti ìgbà yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ dá iná?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Rárá o."

"Ẹ mọ̀ pé iná máa jó?"

"Ká ní mo mọ̀ ni, ṣé mo máa jẹ́ kó lọ?"

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló sun lórí àga nọ́ọ̀sì. Nígbà tó dákẹ́, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ó ti ń ṣe é bíi pé kó kú.

"Lẹ́ẹ̀kan."

"Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ọ́. Dókítà máa rí yín lónìí, kẹ́ ẹ tó kúrò níbí. Mi ò lè purọ́ pé ó máa tán lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní dá gbé e mọ́."

Ó ní kó máa ka ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kó máa rìn jáde láàárọ̀. Kó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àgbàlá ni yóò gbá.

Àgbàlá ló kọ́kọ́ gbá lóòótọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, tọkọtaya náà lọ sílé opó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó.

"Èmi ni mo ní ká pààrọ̀," ló wí.

"Mo mọ̀," opó náà dáhùn. "Ó sọ fún mi kó tó jáde. Ó ní ẹ̀yin náà lẹ dúró fún òun lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bímọ. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ó wọlé.

Títí di òní, ilé iṣẹ́ náà kò tíì ṣí. Oorun rẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó ń sùn, ó ń jẹun, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìgbà líle lè kan ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ má gba oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó. Bí oorun bá sá, tí ẹ ò lè jẹun, tàbí tí èrò ikú bá wọlé, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Kì í ṣe ìtìjú. Bí ẹ bá sì rí aládùúgbò tó ti dákẹ́ jù, ẹ bi í léèrè, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.