Òdòdó Pupa Lórí Dígí

Ọ̀rá dúdú kan ni wọ́n so mọ́ irin géètì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Inúmidùn ló kọ́kọ́ rí i. Ó tú u, ó wo inú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ tòun ti aṣọ àwọ̀sùn lọ́rùn.

Àwọn dígí rẹ̀ ló padà wálé. Wọ́n pé. Kò sí èyí tó fọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kú.

Ọjọ́ Tusidé ni wọ́n ti pòórá nínú yàrá rẹ̀, nílé àǹtí rẹ̀ ní Festac. Dígí pẹlẹbẹ ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti fi omi òdòdó ìṣápá, èyí tí a fi ń ṣe sóbò, pa wọ́n láró kí wọ́n lè máa sọ ìtànṣán oòrùn di iná mànàmáná. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn fún oyè másítà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ìmúlò. Títí di ọjọ́ tí àwọn olùdánwò yóò yẹ̀ wọ́n wò, inú òkùnkùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, nítorí oòrùn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún gan-an ló ń mú aró wọn ṣá. Ìdí nìyẹn tó fi wé wọn sínú bébà fàdákà, tó sì dé wọn mọ́ inú agolo.

Ẹnì kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Tusidé náà: Henry, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Henry yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Bí kò bá rí ara rẹ̀ wẹ̀ mọ́, wọn yóò lé e kúrò ní yunifásítì. Margaret, ìyá rẹ̀, ló lọ bẹ ọ̀gbẹ́ni Adédìran ní Raji Rasaki Estate. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ni Adédìran kó tó fẹ̀yìn tì.

Adédìran dé Festac kí oòrùn tó mú.

"Ta ló sọ fún yunifásítì pé Henry ni?" ó bi Inúmidùn nínú pálọ̀.

"Èmi ni, sà."

"O rí i?"

"Mi ò rí i. Àmọ́ àyè kan ṣoṣo ló wà láti lọ kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Jámánì, èmi àti òun la sì ń du ú. Bí mi ò bá rí dígí gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ta ló kù?"

"O wá inú ilé dáadáa?"

"Gbogbo dúrọ́ọ̀, gbogbo àpótí, títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí. Agolo yẹn ni mò ń wá. Mi ò tíì rí i dòní."

Àǹtí Mojísọ́lá gbé tíì wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó ni, kò sì bímọ. Òun ló tọ́ Inúmidùn láti kékeré. Aṣọ òwú funfun oníhò wínníwínní tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ló wà lẹ́yìn gbogbo àga, òdòdó ńlá sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Adédìran fẹ́ gbé ife rẹ̀ lé tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Fọ́tò ọkọ Àǹtí tó ti dolóògbé nìkan ló wà lórí rẹ̀. Oòrùn ti mú etí pákó náà ṣá, àmọ́ àárín rẹ̀ ṣì dúdú, róbótó bí àwo.

"Ẹ má gbé e síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," Àǹtí sọ kíákíá. "Oòrùn ibẹ̀ le." Ó fa àga mìíràn sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ò ní bá wa sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀? Dígí ti padà wálé. Kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀."

"Àǹtí, dígí wo ló padà wálé?" Inúmidùn bi í. "Ṣé ẹ ò wò wọ́n ni?"

Adédìran gbé dígí kan sókè síhà ìmọ́lẹ̀. Aró rẹ̀ ti ṣá di ràkọ̀ràkọ̀. Síbẹ̀, ìlà pupa tín-ín-rín ṣẹ́kù lára rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ. Lára òmíràn, ìlà náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí àwọ̀n. Ó kó gbogbo wọn padà sínú ọ̀rá. Ó gba ọ̀rá náà, ó sì jáde.

Iwájú géètì ni ṣọ́ọ̀bù Mùsúdù wà, oníṣòwò ará Ìsẹ́yìn tó ń ta mílíìkì àti búrẹ́dì.

"Alhájì, ọ̀rá yín nìyí."

"Ọ̀rá mi ni. Gbogbo àdúgbò yìí ló ń fi í gbé búrẹ́dì lọ sílé. Ṣé gbogbo wa lẹ máa kó ni?"

"Wọ́n ní ẹ bá Inúmidùn jà."

"Ìjà kọ́ o. Pátákó tó fi ń gba oòrùn ló gbé dí orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó gbé e, ó gbé e. Ó tán."

"Ẹ rí Henry lọ́jọ́ Tusidé?"

"Mo rí i. Ó gbé báàgì wọlé, ó gbé báàgì jáde."

"Ṣé ó wú ju bó ṣe wọlé lọ?"

Mùsúdù rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, báàgì akẹ́kọ̀ọ́ wo ni kì í wú?"

Apple Junction ni Henry àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ojú ọmọkùnrin náà ti pọ́n.

"Mo fẹ́ àyè Jámánì yẹn, sà. Mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ká ní o fẹ́ ba dígí náà jẹ́, kí lo máa ṣe?"

"Màá fi ìka ha aró ojú rẹ̀ ni. Kò gba wàhálà kankan."

"Ká ní o fẹ́ jí i lò ńkọ́?"

Henry wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ọmọdé. "Mi ò ní tú bébà fàdákà ara rẹ̀. Ta ló máa jí i, tó máa wá sá a sóòrùn?"

Adédìran dúpẹ́. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú pálọ̀ Margaret, ó to àwọn dígí náà sórí rẹ̀, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìlà kan wá ìlà kejì rí. Nígbà tí ó ṣe, òdòdó ńlá kan yọ, pupa, lórí dígí tó ti ṣá. Apá kan òdòdó náà já, bí ẹni pé òwú ibẹ̀ ti tú.

Ó padà sí Festac lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Màdáámù," ó wí, ó nawọ́ sí ibi róbótó tó dúdú náà, "mo fẹ́ rí aṣọ òwú tó máa ń wà lórí tábìlì yẹn."

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ n rí i bẹ́ẹ̀."

Inúmidùn ló lọ mú un wá láti orí okùn. Àbàwọ́n pupa ṣì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Apá kan òdòdó àárín rẹ̀ já.

Adédìran to dígí náà sórí tábìlì. Ó tẹ́ aṣọ lé wọn. Ìlà bá ìlà mu.

"Ẹni tó gbé wọn kò fẹ́ kí wọ́n bàjẹ́," ó wí. "Kò fọ́ wọn, kò ha wọ́n. Kò sì mọ̀ pé oòrùn ń pa wọ́n, nítorí náà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Agolo ni ọmọ yìí ń wá káàkiri, ẹni náà sì da agolo nù pẹ̀lú bébà rẹ̀. Dígí pẹlẹbẹ ló kù, ó sì tẹ́ wọn sábẹ́ aṣọ yìí, níbi tí kò sí dúrọ́ọ̀ tí a lè tú. Oòrùn wọ inú ihò aṣọ. Ibi tí òwú ṣíji bò nìkan ni aró kù sí."

Àǹtí Mojísọ́lá jókòó.

"Mo fẹ́ kí ọjọ́ ìdánwò kàn kọjá ni," ó wí. "Jámánì á fún ẹlòmíràn ní àyè wọn. Màá wá dá a padà, Inúmidùn á gba oyè rẹ̀ níhìn-ín, lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé aṣọ tó láti bò ó."

"Henry ńkọ́, Àǹtí?" Ohùn Inúmidùn kò ròkè. "Mo ti pè é lólè."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe so ó mọ́ géètì. Mo rò pé tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á dá a sílẹ̀."

"Ẹ máa bá mi lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹnu yín lẹ máa fi sọ ọ́ fún wọn. Èmi náà á sì bẹ̀ ẹ́ níṣojú wọn."

Àǹtí Mojísọ́lá lọ. Ó wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà, ó sọ ọ́ láìfi kan pe méjì. Wọ́n dá Henry sílẹ̀. Òun ló lọ sí Jámánì.

Inúmidùn dúró sí Èkó láti tún dígí mìíràn ṣe. Ohun tí àǹtí rẹ̀ fẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ó gba yàrá kan sí Apple Junction. Ní ọjọ́ tó ń kó ẹrù, ó fi dígí kan sílẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé, láàárín ibi tó dúdú róbótó yẹn.

Àǹtí Mojísọ́lá kò gbé e kúrò. Kò sì fi nǹkan kan bò ó. Láràárọ̀ ni oòrùn ń wọlé, tó sì ń mú ìwọ̀nba pupa tó kù lára rẹ̀ lọ.