Eérú Inú Àgbá

Páálí kan já bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ọ̀rà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọlọ́kadà ò dúró. Igba ìwé ìdìbò làwọn àgbẹ̀ bá nínú rẹ̀. Ìbò ku ọjọ́ méjì.

Ilé ìtẹ̀wé Alàájì Sàlámì ní Ìlá nìjọba gbé iṣẹ́ náà fún. Ràfíátù, tó ń yẹ iṣẹ́ àgbàṣe wò fún ìjọba, dé ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó ka gbogbo ìdì tó wà nínú yàrá títì. Ọ̀kan ò dín.

"Alàájì, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibí?"

"Èmi nìkan. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, màdáámù."

 Ràfíátù na ìwé kan látinú páálí táwọn àgbẹ̀ rí sí Ajíbọ́lá, tó ń darí ẹ̀rọ. Ìyẹn gbé e sójú fèrèsé.

"Tiwa ni. Àmọ́ ó ti bàjẹ́. Ẹ wo àmì ẹgbẹ́ yìí, ó ní òjìji, ó rí bíi méjì. Bébà ló yọ̀ lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé. Igba ló bàjẹ́, wọ́n sì ti sun wọ́n."

"Ta ló sun wọ́n?"

"Mo gbé wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Màdáámù Dinah ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ, àwọn á ṣáná sí i."

Alàájì wò ó bí ẹni ń wo olè. "Ìrun àílà ni mo lọ kí. Èéfín nìkan ni mo dé bá."

Dinah Ọláyọdé ni àjọ elétò ìdìbò fi ṣọ́ ilé ìtẹ̀wé náà. Kí wọ́n tó bi í ló ti na ìwé tó fọwọ́ sí síta.

"Igba ló jóná níṣojú mi. Ajíbọ́lá ló lè tẹ òmíràn. Òun ni kẹ́ ẹ mú."

"Ṣé ó tún lè tẹ òjìji kan náà?"

Dinah ká ìwé náà padà.

Ràfíátù fi igi ro eérú inú àgbá ẹ̀yìnkùlé. Ìwé tó lẹ̀ pọ̀ kì í jó dénú. Àjákù kan jáde, orúkọ oṣù àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Òmíràn tún jáde bẹ́ẹ̀.

"Kàlẹ́ńdà lẹ sun, màdáámù. Ìwé ìdìbò wọnú àpò yín."

Dinah jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ́láwùmí, ń du ipò káńsẹ́lọ̀ l'Ọ́rà. Ìbò mẹ́rìndínlógún ló fi fìdí rẹmi lọ́jọ́sí. Òun ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí èmi lè kàwé. Mo kó wọn fún ọlọ́kadà, pé káwọn èèyàn wa l'Ọ́rà bá mi tẹ̀ka sí wọn, kí wọ́n jù wọ́n sápótí."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu mi, kó tó gbọ́ lórí rédíò."

Ràfíátù gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Bọ́láwùmí gbé ìpè Dinah. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun wà láàárín èrò, àwọn ìyá àgbà ń ṣàdúrà fún òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúrò láàárín èrò ná," ni Dinah wí.