Ẹnì Kejìlá Nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ilobi

Mọ́kànlá ni àwọn ọmọ Ilobi tó wọ pápá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo kà wọ́n fúnra mi nígbà tí wọ́n tò kí n lè yà wọ́n. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlaròó tí mo ń wo fọ́tò ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń lọ lọ́wọ́, méjìlá ni wọ́n.

Ìdíje bọ́ọ̀lù alẹ́ ni, lórí pápá kan ní Ayétòrò tí wọ́n ri òpó iná mẹ́rin sí. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fọ́tò fún, fọ́tò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Fíláàṣì mi le jù. Ojú àwọn ọmọ náà funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i, ẹ̀yìn wọn sì dúdú bí inú kànga. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Ilobi, rọra sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje náà ti ń wá ayàfọ́tò mìíràn ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Ilobi pàdé Igbogila, mo yí ọwọ́ padà. Mo dín agbára fíláàṣì kù sí ìdámẹ́rin. Mo ṣí ojú lẹ́ǹsì dáadáa, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà túbọ̀ máa gba ìmọ́lẹ̀, kí iná orí òpó lè bá mi ṣe nínú iṣẹ́ náà. Ó tó ogún fọ́tò kí n tó rí i mú. Òógùn hàn lọ́rùn wọn, àwọ̀ ara wọn sì jẹ́ àwọ̀ ara wọn. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe mí ní kàyéfì: nígbàkígbà tí mo bá kọjú kámẹ́rà sí apá òsì, atẹ́gùn tútù á fẹ́ sí mi lójú, bí ìgbà tí ènìyàn ṣí fíríìjì.

Apá òsì náà ni ẹnì kejìlá yìí wà nínú fọ́tò. Ẹ̀wù Ilobi ló wọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Fíláàṣì ta òjìji gbogbo àwọn yòókù sórí koríko; tirẹ̀ ò sí. Nínú àwọn fọ́tò tí iná ti pọ̀ jù, koríko lásán ló wà ní ipò rẹ̀. Nínú èyí tó ti kéré jù, òkùnkùn ni. Inú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ti bára mu gan-an nìkan ló ti hàn.

Mo gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè. Ó wò ó pẹ́, ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Bàrúwà nìyí," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibo lo ti rí i?"

Mo ní èmi ni mo yà á, lánàá. Ó wá ìjókòó. Ó sọ fún mi pé ọ̀kadà ló pa ọmọ náà lọ́nà Ihunbo, ọdún méje sẹ́yìn, àti pé òun wà níbi tí wọ́n ti sin ín. Fóònù tí gbogbo fọ́tò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni ìyá rẹ̀ ti ń bẹ ará ìlú pé kí ẹni tó bá ní fọ́tò ọmọ òun fún òun ní ẹyọ kan.

Ẹ̀rù bà mí láti gbé e fún un. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè ní kì í ṣe tiwa láti fi pamọ́.

A bá Màmá Àṣíáwù, ìyá Bàrúwà, níwájú ilé ní Ilobi, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gba fọ́tò náà. Kò sunkún. Ó fi ìka rọra tọ iwájú orí ọmọ náà, ó tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ wá dúró lágbọ̀n.

"Ẹ ò wò ó dáadáa," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sin."

Mo tẹ̀ síwájú, mo wò ó. Irùngbọ̀n yí àgbọ̀n rẹ̀ ká. Èjìká rẹ̀ ti gbòòrò. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ló ń sáré nínú fọ́tò náà. Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè di òpó ilé mú.

Màmá Àṣíáwù gbé fọ́tò náà lé àyà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ń fún un lóúnjẹ níbi tó wà," ló wí.